Bí Ìlú Boulder Ṣe Fi Owó Orí Ọjà Ra Ilẹ̀ Àyíká Rẹ̀

Ìlú Boulder wà ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, níbi tí pápá títẹ́jú ti parí tí àwọn Òkè Rocky sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń wá wúrà ló tẹ̀ ẹ́ dó ní ọdún 1859. Ní ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, àwọn àpáta gbàràmù kan tí wọ́n ń pè ní Flatirons fẹ̀yìn ti òkè, ènìyàn sì lè rí wọn láti ọ̀pọ̀ òpópónà ìlú. Ọ̀rọ̀ ta ni yóò ni àwọn òkè wọ̀nyí, àti kí ni a ó fi wọ́n ṣe, ti wà níwájú ìgbìmọ̀ ìlú náà láti ìgbà pípẹ́.

Ìlú yìí tètè bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀. Ní ọdún 1898, àwọn olùdìbò gbà kí ìlú yá 20,000 dọ́là láti fi ra ilẹ̀ oko kan nísàlẹ̀ òkè, kí àwọn olùkọ́ láti Texas lè máa wá kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Chautauqua títí di òní. Ní ọdún kejì, ìjọba àpapọ̀ fún ìlú náà ní ilẹ̀ púpọ̀ sí i lórí òkè Flagstaff. Nígbà tó di ọdún 1908, wọ́n pe Frederick Law Olmsted Kékeré, gbajúmọ̀ nínú ìṣètò ìlú, pé kó wá gbà wọ́n nímọ̀ràn; ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1910.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni nǹkan yí padà. Ọ̀nà márosẹ̀ láti Denver parí ní 1952. Ní 1954, Ààrẹ Eisenhower fúnra rẹ̀ wá ṣí ilé ìwádìí ìjọba tó ń rí sí òṣùwọ̀n. Iṣẹ́ dé, èrò sì tẹ̀ lé e: nǹkan bí 20,000 ènìyàn ló wà níbẹ̀ ní 1950, wọ́n lé ní 37,000 ní 1960, wọ́n sì lé ní 66,000 ní 1970. Ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ ń kún, àwọn kọ́lékọ́lé sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara òkè.

Méjì nínú àwọn olùkọ́ yunifásítì tó wà nílùú náà, Albert Bartlett tó ń kọ́ni ní físíìsì àti Robert McKelvey tó ń kọ́ni ní ìṣirò, ló ṣáájú àwọn tó wá nǹkan ṣe sí i. Wọn kò sọ pé kí òfin ka ilé kíkọ́ léèwọ̀. Omi ni wọ́n gbá mú. Wọ́n ní kí ìlú má ṣe fa omi ẹ̀rọ kọjá ìlà kan lára òkè, tó wà ní ìwọ̀n 5,750 ẹsẹ̀ bàtà. Ní oṣù Keje ọdún 1959, àwọn olùdìbò fọwọ́ sí i, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé òfin ìlú. Ìlà Aláwọ̀ Búlúù ni wọ́n ń pè é. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: níbi tí kò bá ti sí omi, àdúgbò ńlá kò lè dúró níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìlà kì í ṣe ìwé ilẹ̀. Ẹni tó ni òkè ṣì ni òkè rẹ̀, àwọn olùdìbò sì lè yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú òfin náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe ní 1961 fún ilé ìwádìí ojú ọjọ́ tí I. M. Pei ya àwòrán rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n fẹ́ kọ́ sórí òkè Enchanted Mesa dìde, àwọn ará ìlú rí i pé òfin nìkan kò tó. Ní 1962, wọ́n dìbò láti yá 105,000 dọ́là, ìlú sì ra ilẹ̀ náà. Hòtẹ́ẹ̀lì kò débẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, a kò lè máa ṣe ìpolongo ìbò tuntun nítorí òkè kọ̀ọ̀kan.

Ìdí nìyí tí ìbò oṣù kọkànlá ọdún 1967 fi ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Wọ́n fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ọjà. Bí ẹnì kan bá ra bàtà dọ́là 10, sẹ́ǹtì 10 ni yóò san kún un: sẹ́ǹtì 4 ń lọ sínú àpò ilẹ̀, sẹ́ǹtì 6 tó kù ń lọ sí ọ̀nà àti ìrìnnà. Lójú tèmi, pípa tí wọ́n pa méjèèjì pọ̀ ló ràn án lọ́wọ́, nítorí ẹni tí ọ̀nà burúkú ti sú àti ẹni tí òkè ká lára dìbò fún ohun kan náà. Ṣáájú ìgbà náà, kò tíì sí ìlú kankan ní Amẹ́ríkà tí àwọn ará ibẹ̀ ti dìbò bu owó orí lé ara wọn nítorí àtira ilẹ̀ tí a ó fi sílẹ̀ láìkọ́lé.

Owó orí ń kán díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ sì ń gbówó lórí lọ́dọọdún. Nítorí náà, ní 1971, àwọn olùdìbò gbà kí ìgbìmọ̀ ìlú máa yáwó ra ilẹ̀, kí wọ́n sì máa fi owó orí náà san gbèsè. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi òfin de ilé pé kò gbọdọ̀ ga ju ẹsẹ̀ bàtà 55 lọ. Ní 1973, wọ́n yan àwọn alámòójútó márùn-ún fún ilẹ̀ náà. Òfin 1986 tún mú un le sí i: ìgbìmọ̀ ìlú kò lè dá ta ilẹ̀ náà bí àwọn alámòójútó kò bá fọwọ́ sí i, àwọn ará ìlú sì lè kọ̀wé béèrè pé kí wọ́n dìbò lé e lórí. Wọ́n fi kún owó orí náà ní 1989.

Ilẹ̀ tí ìlú ń tọ́jú báyìí lé ní 45,000 éékà. Apá kan rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ àti darandaran tó ń sanwó ìlò rẹ̀, wọ́n sì la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gba inú àwọn ibòmíràn.

Ilé ni ìnira ríra ilẹ̀ yìí hàn sí. Ilẹ̀ yí ìlú ká tí a kò lè kọ́lé sí, òfin ṣẹ́ gíga ilé kù, àwọn olùdìbò sì tún fọwọ́ sí ètò kan tí wọ́n ń pè ní Ètò Danish ní 1976, èyí tó dín ìbísí iye ilé kù sí nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Iṣẹ́ kò dín kù ní tirẹ̀. Owó ilé gbéra, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì lọ ń gbé ní Longmont, Lafayette àti àwọn ìlú tó wà ní ìlà-oòrùn, tí wọ́n ń wakọ̀ wọ Boulder ní òwúrọ̀. Ní ọdún 2000, ìgbìmọ̀ ìlú ṣòfin pé ẹni tó bá ń kọ́lé tuntun gbọ́dọ̀ ya ilé kan sọ́tọ̀ nínú márùn-ún fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀, tàbí kó sanwó dípò rẹ̀.