Àjà Ẹnu Tó Há: Kí Ni Ká Pe Irin Tó Ń Fẹ̀ Ẹ́?

Lọ́dún 1860, dókítà eyín kan ní San Francisco tó ń jẹ́ Emerson Angell kọ ìròyìn kan sínú Dental Cosmos, ìwé tí àwọn oníṣègùn eyín Amẹ́ríkà ń kà nígbà náà. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 14 ló tọ́jú. Àgbọ̀n òkè ọmọ náà há, eyín rẹ̀ kò sì ríbi tò sí. Angell fi irin kan dábùú òkè ẹnu rẹ̀, láti eyín apá ọ̀tún dé eyín apá òsì. Irin náà ní síkúrù láàárín, ó sì fún ọmọ náà ní kọ́kọ́rọ́ tí yóò máa fi yí i. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ 2, àlàfo ti yọ láàárín eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì. Àlàfo yẹn ni Angell tọ́ka sí pé kì í ṣe eyín nìkan ló sún, pé egungun àgbọ̀n òkè fúnra rẹ̀ ti là ní ibi tí ìhà rẹ̀ méjèèjì ti pàdé. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiyèméjì. Ó tó nǹkan bí 100 ọdún kí dókítà eyín Andrew Haas tó fi ẹlẹ́dẹ̀ dán an wò, tó sì tẹ èsì iṣẹ́ rẹ̀ lára ènìyàn jáde lọ́dún 1961. Ìgbà náà ni iṣẹ́ náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Àlàfo tí Angell rí yẹn kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Èjí ni. Ẹni tó ní in ń jẹ́ eléjí, wọ́n sì kà á sí ẹwà débi pé àwọn kan a máa pa èjí tí Ọlọ́run kò dá mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n èjí tí irin fà yìí kì í pẹ́. Bí egungun bá ti là tán, àwọn fọ́nrán tó so eyín pọ̀ nínú èrìgì á máa fà wọ́n padà síra wọn, èjí náà á sì dí fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Òbí tí a kò bá sọ èyí fún lè fòyà nígbà tí èjí bá yọ, tàbí kó bínú nígbà tó bá dí. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló máa gbà á lọ́wọ́ ìdààmú: èjí ìgbà díẹ̀ ni, ẹ̀rí sì ni pé irin ń ṣiṣẹ́.

Ibi tó yẹ kí ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ìṣègùn ti bẹ̀rẹ̀ nìyí: lára ọ̀rọ̀ tí a ti ní. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ kọ ìmọ̀ ìṣègùn ní Yorùbá ló máa ń kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kó tó wá máa wá ohun tí yóò fi dí ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu ìyálọ́mọ, lẹ́nu mẹkáníìkì àti lẹ́nu olùkọ́ èdè yóò wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní kà wọ́n sí.

Ẹ jẹ́ ká mú àjà ẹnu. Akẹ́kọ̀ọ́ girama tó bá ka Yorùbá ti bá a pàdé nínú ẹ̀kọ́ ìró èdè. Olùkọ́ á ní àfàjàpè ni /y/, nítorí pé àjà ẹnu la fi ń pè é, àfèrìgìpè ni /t/ àti /d/, àfàfàsépè sì ni /k/ àti /g/, nítorí àfàsé, ẹran rírọ̀ tó wà lẹ́yìn àjà ẹnu. Àwọn onímọ̀ èdè ti ya àwòrán inú ẹnu, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ níbi tó le àti níbi tó rọ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ sì ti kọ́ ọ sórí fún ìdánwò. Nǹkan gidi ni èyí fún dókítà eyín, nítorí ẹnu kan náà ni òun àti olùkọ́ èdè ń wò.

Ọ̀rọ̀ náà tún gbọ́n ju bí a ti rò lọ. Nínú ilé àtijọ́, àjà ni igi àti amọ̀ tí wọ́n fi bo yàrá lókè; ẹni tó wà ní yàrá ń wò ó lókè orí, ẹni tó bá sì gun òkè àjà lọ kó nǹkan pa mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àjà ẹnu ṣe rí. Òrùlé ẹnu ni, òun náà sì ni ilẹ̀ tí ihò imú jókòó lé. Ohun tí Haas fi hàn nínú ìwé rẹ̀ nìyẹn: bí àjà ẹnu bá ti ń fẹ̀, ìsàlẹ̀ ihò imú ń fẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí dókítà bá sọ fún bàbá àgbàlagbà kan pé òkè àjà ẹnu ni imú wà, ó ti yé e kí dókítà náà tó fi àwòrán hàn án. (Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo ọmọ tó ń fi ẹnu mí ló nílò irin o. Ẹran tó wú lẹ́yìn imú ló ń dí ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, dókítà ọ̀fun àti imú ló sì yẹ kó kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò.)

Àgbọ̀n kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá ní àgbọ̀n láìfi nǹkan kún un, ìsàlẹ̀ ojú ni ọkàn olùgbọ́ ń lọ. Párì wà nílẹ̀ pẹ̀lú, ìtàn Sámúsìnì nínú Bíbélì Yorùbá kò sì jẹ́ kó parẹ́, àmọ́ egungun ẹran ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú inú wò bí wọ́n bá gbọ́ ọ. Àgbọ̀n òkè àti àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ló sàn jù, bí a bá ti lè fara balẹ̀ dárúkọ méjèèjì ní kíkún nígbà gbogbo. Ẹni tó bá gé e kúrú sí àgbọ̀n lásán yóò ṣi aláìsàn lọ́nà.

Orí ojú ibi tí egungun ti pàdé ni gbogbo ìtọ́jú yìí dúró lé, ọ̀rọ̀ Yorùbá tó sì lè ṣàlàyé rẹ̀ wà lọ́wọ́ gbogbo ìyá: àwùjẹ̀. Ìyá mọ̀ pé orí ìkókó rọ̀ níwájú, pé egungun ibẹ̀ kò tíì pàdé, pé ó ń bọ̀ wá dí, ó sì sábà máa ń dí kí ọmọ tó pé ọdún 2. Àjà ẹnu náà ní irú ìlà bẹ́ẹ̀ láàárín gbùngbùn, àmọ́ ti ibẹ̀ ń pẹ́ kó tó dì. Ó ṣì ń là wẹ́rẹ́ ní kékeré. Bí ọmọ bá ti ń bàlágà ni egungun méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí wọnú ara wọn bí eyín ìyarun, tí yóò fi wá lẹ̀ pọ̀. Ojú ìpàdé àjà ẹnu ló yẹ ká máa pe ìlà yìí. Ọjọ́ orí nìkan kò tó láti mọ bó ṣe dì tó. Lọ́dún 2013, oníṣègùn eyín Fernanda Angelieri àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ to ipò rẹ̀ sí ìpele 5, láti A dé E, èyí tí wọ́n ń rí nínú àwòrán egungun tó ń fi iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti òkè hàn pọ̀.

Ó wá ku orúkọ irin fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu jù ni fẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ní ká so fẹ̀ mọ́ àjà, ìpajẹ fáwẹ́ẹ̀lì yóò sọ ọ́ di afàjà; létí olùgbọ́, ẹni tó ń fa ìjà nìyẹn. Afẹ̀jà náà kò jìnnà sí ẹni tó fẹ́ ìjà. Ọ̀nà mìíràn ti wà tí Yorùbá ti là fúnra wọn. Àwọn tó pe ẹ̀rọ tó ń mú ilé tutù ní amúlétutù, tí wọ́n pe tẹlifíṣọ̀n ní amóhùnmáwòrán, ti fi àpẹẹrẹ lélẹ̀: sọ iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe, kí o sì jẹ́ kí fáwẹ́ẹ̀lì pàdé níbi tí kò ti ní pa ìtumọ̀. Ohun tó ń mú àjà gbòòrò, amájàgbòòrò ni. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ti mọ ohun tó wà fún.

Irú rẹ̀ pọ̀, orúkọ tí àwọn ilé iṣẹ́ àti àwọn dókítà sì ń pè wọ́n, ìgékúrú lẹ́tà ni púpọ̀ nínú wọn. Ìgékúrú kò sọ nǹkan kan fún ìdílé tí irin náà yóò bá lọ sílé. Ohun tó yẹ kí orúkọ kọ́kọ́ sọ fún wọn ni ta ni yóò máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, àti ibo ni agbára rẹ̀ ń lọ.

Wáyà olórùka mẹ́rin wà, èyí tí dókítà eyín Robert Ricketts sọ di gbajúmọ̀. Wọ́n ká wáyà bí òrùka ní ojú mẹ́rin, wọ́n so ó mọ́ eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ lápá méjèèjì, ó sì ń tì wọ́n síta díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Òbí kò ní nǹkan kan láti yí; dókítà ló ń tún un ṣe. Ike tó ní síkúrù wà pẹ̀lú, èyí tí ọmọ lè yọ, kò sì ní ṣiṣẹ́ bí ọmọ bá ń yọ ọ́ sínú àpò.

Amájàgbòòrò oníkọ́kọ́rọ́ ni ọmọ ìyá irin Angell. Jáákì ni síkúrù àárín rẹ̀ jẹ́, irú ohun tí fọkanáísà ń kì bọ abẹ́ ọkọ̀, kìkì pé ẹ̀gbẹ́ ló ń tì sí, kì í ṣe òkè. Ti Haas ní ike tó fara ti àjà ẹnu. Èyí tí dókítà eyín William Biederman gbé jáde lọ́dún 1968 jẹ́ irin nìkan, oúnjẹ kì í sì í há sí i tó bẹ́ẹ̀. Yíyí kan sábà máa ń jẹ́ ìdámẹ́rin mìlímítà. Bí a bá yí i lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 ti tó fún fífẹ̀ náà. Níbí ni ọ̀rọ̀ “kíákíá” tí àwọn oníṣègùn fi kún orúkọ rẹ̀ ti ń tan ènìyàn jẹ: fífẹ̀ ló yá, ìtọ́jú kò tíì parí. Irin náà ní láti wà níbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù 3 sí 6 kí egungun tuntun tó kún àlàfo ojú ìpàdé. Nítorí náà, ó yẹ ká ya ìgbà fífẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbà dídì nínú ọ̀rọ̀ wa, kí òbí má baà máa béèrè lọ́sẹ̀ kẹrin pé ìgbà wo ni wọn yóò yọ ọ́.

Fún àgbàlagbà, eyín ni yóò tẹ̀ síta bí a bá gbé gbogbo agbára lé e, egungun kò ní là. Ìyàtọ̀ yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, Yorùbá sì lè sọ ọ́ ṣókí: eyín títẹ̀ yàtọ̀ sí egungun lílà. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà kan ní Gúúsù Kòríà, tí ìròyìn wọn jáde lọ́dún 2010, fi so irin náà mọ́ àwọn síkúrù kéékèèké tí wọ́n yí wọnú egungun àjà ẹnu fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá pe àwọn wọ̀nyí ní ìṣó yóò dẹ́rù ba aláìsàn, nítorí òòlù ni a fi ń gbá ìṣó wọlé, àwọn wọ̀nyí sì jẹ́ yíyí jẹ́jẹ́ lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ bá ti mú kí ibẹ̀ kú tipiri. Ìdákọ̀ró ni iṣẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ẹni tó ń kọ orin ìsìn mọ̀ ni, ó sì sọ ohun tí wọ́n wà fún: kí agbára má baà gbé eyín lọ. Amájàgbòòrò onídákọ̀ró, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Níbi tí ojú ìpàdé bá ti dì pátápátá, iṣẹ́ abẹ ló kù: wọ́n á gé egungun náà kí wọ́n tó fi irin fẹ̀ ẹ́, tàbí kí wọ́n gé àgbọ̀n òkè, kí wọ́n sì tò ó fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ René Le Fort, oníṣẹ́ abẹ ará Faransé tó ṣàlàyé ìlà tí egungun ojú ń bá fọ́ lọ́dún 1901, ni wọ́n fi ń pe èyí ìkẹyìn, kò sì sí ìdí láti yí orúkọ ènìyàn padà.

Ibi tí a ó ti mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wúlò ni ìwé ìtọ́sọ́nà tí òbí yóò gbé lọ sílé. Fi orí kọ́kọ́rọ́ sínú ihò tó wà níwájú, tì í síhà ọ̀fun títí ihò mìíràn yóò fi hàn, kí o tó rọra yọ ọ́. So okùn mọ́ kọ́kọ́rọ́ náà, kí ọmọ má baà gbé e mì. “Síhà ọ̀fun” ló yẹ kó wà níbẹ̀, kì í ṣe “sẹ́yìn”. Bí a bá tẹ ìwé náà láìfi àmì sí i, bí wọ́n ti sábà máa ń ṣe, ẹlòmíràn lè ka “seyin” bíi pé eyín ni kó ti kọ́kọ́rọ́ náà sí. Àjà àti ajá, àgbọ̀n òkè àti agbọ̀n tí a fi ń kó iṣu, ewu kan náà ló wà níbẹ̀. Nínú ìwé ìṣègùn, àmì ohùn jẹ́ ara ìtọ́jú.

Iṣẹ́ yìí kò kọjá agbára wa. Lọ́dún 1970, onímọ̀ ẹ̀kọ́ Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Lọ́dún 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí onímọ̀ èdè Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó, ẹ̀ka ìtọ́jú eyín àti ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ni ní èdè Yorùbá wà ní yunifásítì kan náà. Kí àwọn méjèèjì jókòó pọ̀, kí wọ́n pe àwọn ìyá tí ọmọ wọn ti lo irin yìí sí ìjókòó náà, kí wọ́n sì tẹ ìwé olójú kan jáde pẹ̀lú àmì ohùn tó pé, kí ó wà lórí tábìlì gbogbo dókítà eyín tó ń fún òbí Yorùbá ní kọ́kọ́rọ́.