Ọ̀nà Ló Ni Ìtàn: Ọ̀tà Àwórì Ṣáájú Ilé Iṣẹ́ Ẹ̀rọ

Ẹni tó bá gba Sàngó Ọ̀tà kọjá lónìí, àjàgbé àti èéfín ilé iṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ rí. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìgbà tí ilẹ̀ Ìkẹjà há mọ́ àwọn oníléeṣẹ́ ni Ọ̀tà ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìlú. N kò gbà. Ohun tó gbé ilé iṣẹ́ wá náà ló gbé ogun wá ní 1842: ọ̀nà ni.

Àwọn Àwórì, tó ni Ọ̀tà, ní Ọlọ́fin Ògúnfúnmínírè tọ àwo kan tó léfòó lójú omi títí ó fi rì ní Ìṣẹ̀rì, létí odò Ògùn. Ẹni tó bá ń bi ìtàn yìí bí àwo ṣe lè rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ti ṣi ìbéèrè bi. Ẹ̀tọ́ ni ìtàn náà ń sọ: àwọn tó tọ ipa odò wá síbẹ̀ ló ni ilẹ̀ àti ipa ọ̀nà náà.

Níní ọ̀nà yìí ló fa wàhálà. Nígbà tí Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, wọ́n ń wá ọ̀nà dé etíkun, Ọ̀tà sì wà láàárín. Wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1842, wọ́n wá dó ti Adó-Odò, ìlú tó gbè é lẹ́yìn. Ọdún 1853 ni wọ́n tó tú ìdótì Adó.

Ṣùgbọ́n ogun kò pa ìlú náà rẹ́. Ọ̀nà kan náà ni James White, ọmọ Sàró (Sierra Leone) tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ ajíhìnrere Church Missionary Society (CMS), gbà wọ Ọ̀tà ní àwọn ọdún 1850. Ó wá kí wọ́n lè pa òrìṣà tì. Síbẹ̀ àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ fi ń tọpa eégún àti òrìṣà ìlú náà. Eré ìbòjú pàápàá ń tọ ọ̀nà: Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí akọrin rẹ̀ tí à ń pè ní Ẹ̀fẹ̀ ń kọrin lóru láti fi júbà àwọn ìyá, Kétu ni ọ̀pọ̀ ìtàn tọ́ka sí pé ó ti ṣẹ̀. Nígbà tí UNESCO kéde rẹ̀ ní ohun ìní aráyé ní 2001, orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò ló wà níbẹ̀, nítorí ẹnu ibodè kò dá a dúró rí.

Nítorí náà, ó dùn mí pé ààfin àti agọ̀ eégún nìkan ni a ń kà sí ogún. Oríta Sàngó, tó ń jẹ́ orúkọ òrìṣà, níbi tí ọ̀nà Ìdíìrókò ti yà kúrò lára ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, yẹ kó wà nínú ìwé ìtàn bákan náà. Owó ọ̀nà pàápàá ní ìtàn tirẹ̀. Láyé àtijọ́, oníbodè ń gba owó lọ́wọ́ àwọn arìnrìnàjò ní ẹnu odi ìlú ilẹ̀ Yorùbá. Lẹ́yìn náà ni ìjọba kọ́ ibi ìgbowó tirẹ̀, tóògéètì, sí ojú ọ̀nà márosẹ̀ náà, ó sì wó o ní 2004. Títí di òní, kọndọ́ so mọ́ ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, ó ń pariwo: “Tóògéètì! Tóògéètì wọlé o!”