Láti Ọwọ́ Òṣìṣẹ́ sí Aago Ẹ̀rọ: Ìtàn Bí Gbohùngbohùn Ṣe Wá Ń Bá Ìṣísẹ̀ Orin Rìn

Ó ti mọ́ àwọn olórin òde òní lára láti fa ìlà kan lójú kọ̀ǹpútà, kí ìlà náà sì máa darí ìró orin. Ibi tí ìlà bá ti gòkè, ìró a gòkè. Ibi tí ó bá ti rọlẹ̀, ìró a rọlẹ̀. Bí ìṣísẹ̀ orin mìíràn bá sì ti dé, ìlà a tún bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí ó jẹ yọ ni pé, ta ni ó ń mú àkókò dání nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ni tàbí olórin? Ìtàn gbohùngbohùn inú ẹ̀rọ lè la ọ̀rọ̀ náà yé ni.

Orí téèpù ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Orí ẹ̀rọ kan a gba ohùn sílẹ̀, orí kejì a sì tún un sọ. Bí téèpù bá ń sáré íńṣì 15 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí íńṣì 2 sì wà láàárín orí méjèèjì, àtúnsọ yóò dé lẹ́yìn nǹkan bí ìdá 133 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Irú gbohùngbohùn yìí ni Sam Phillips lò sí ohùn Elvis Presley ní Memphis, ní Amẹ́ríkà, ní 1954. Ìyára orin kò sí nínú ìṣirò náà rárá. Etí òṣìṣẹ́ ni ó so wọ́n pọ̀. Bákan náà ni King Tubby, tí ó kú ní 1989, ṣe ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí ìdarí ẹ̀rọ bí orin ti ń lọ, ní Kingston ní Jàmáíkà, ní àwọn ọdún 1970.

Ìyípadà ńlá dé ní oṣù kìíní ọdún 1983. Ní Anaheim, ní California, wọ́n fi wáyà so dùùrù abánáṣiṣẹ́ Prophet-600 mọ́ Jupiter-6 ti ilé-iṣẹ́ Roland, méjèèjì sì gbọ́ èdè ara wọn. Èdè náà ni MIDI, aago sì wà nínú rẹ̀: ẹ̀rọ aṣíwájú a máa fi àmì 24 ránṣẹ́ nínú ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní 1996, ilé-iṣẹ́ Steinberg ti Jámánì gbé VST jáde, gbohùngbohùn sì di ètò inú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ó yá, ètò ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìyára orin fún àwọn ètò kéékèèké tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Àǹfààní èyí hàn gbangba. Bí ìṣísẹ̀ bá jẹ́ 120 ní ìṣẹ́jú kan, ìdá 500 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Bí orin bá yára dé 126, ìṣísẹ̀ kan di nǹkan bí ìdá 476. Gbohùngbohùn tí wọ́n fi sí 500 yóò fi ìdá 24 rẹ̀yìn. Aago a tún èyí ṣe lójú ẹsẹ̀, bí ẹnì kan bá ti sọ ìyára tuntun fún un. Ṣùgbọ́n bí àwọn onílù bá fúnra wọn yára láìsọ fún un, 120 ni yóò ṣì máa kà. Aago kò gbọ́ orin. Òǹkà ni ó mọ̀.

Nídìí èyí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ṣe ní bọ́tìnnì tí òṣìṣẹ́ lè máa fi ìka tẹ̀ bí ìlù ti ń lọ, kí ẹ̀rọ lè ti ibẹ̀ mọ ìyára. Ẹ̀rọ gba ìṣirò. Mímọ ibi tí orin wà, àti yíyan bí ìlà yóò ṣe tẹ̀, ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ní etí.