Ìhà Tí Àwọn Olùgbọ́ Kọ sí Sounds of Silence, Àwo Orin Kejì Simon àti Garfunkel

Nínú àwọn ìwé tí a ti kọ nípa orin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní àárín ọdún 1960 sí 1970, ìtàn kan wà tí ó ti di àkọ́sórí. Wọ́n ní nígbà tí àwọn olórin fóòkì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gìtá oníná àti ìlù kún orin wọn, àwọn olùgbọ́ pín sí ọ̀nà méjì: àwọn kan fẹ́ kí orin náà wà bí ó ti wà, àwọn kan sì gba ti tuntun tí a ń pè ní fóòkì-rọ́ọ̀kì. Ẹ̀rí tí a sábà máa ń tọ́ka sí ni igbe tí àwọn ènìyàn ké lé Bob Dylan lórí ní Newport ní oṣù Keje, ọdún 1965, àti ẹni tí ó pè é ní Júdásì nínú gbọ̀ngàn kan ní Manchester ní oṣù Karùn-ún, ọdún 1966. Ìtàn náà kì í ṣe irọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tí ó pariwo nìkan ni ó gbọ́. Ẹni tí ó fi owó ra àwo, tí ó gbé e lọ sílé, tí ó sì jókòó tì í, kò sí nínú rẹ̀. Ète iṣẹ́ yìí ni láti wá irú olùgbọ́ bẹ́ẹ̀ rí, kí á sì fi ìhà tí ó kọ sí Sounds of Silence, àwo kejì Paul Simon àti Art Garfunkel, dán ìtàn àkọ́sórí náà wò.

Ọ̀rọ̀ àwo kejì kò lè yé ni láìmọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwo kìíní. Wednesday Morning, 3 A.M. ni orúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Columbia ni ó gbé e jáde ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1964. Ohùn ènìyàn méjì àti gìtá tí kò lo iná ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwo náà kò tà. Nǹkan bí 3,000 ni a sábà máa ń kà pé wọ́n rà nígbà náà. Àwọn méjèèjì sì tú ká. Garfunkel padà sídìí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Simon lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń kọrin kiri nínú àwọn ẹgbẹ́ fóòkì, ó sì dá àwo kan ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1965, The Paul Simon Songbook, òun nìkan pẹ̀lú gìtá rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọjà nìkan ni a fi ń wo orin, ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1965, ilé iṣẹ́ rédíò WBZ ní Boston ń gbé ọ̀kan lára àwọn orin inú àwo náà, The Sound of Silence, sáfẹ́fẹ́ lóru, àwọn olùgbọ́ sì ń tọrọ rẹ̀ léraléra. Kò yani lẹ́nu pé Boston ni. Ìlú náà àti Cambridge tí ó múlé gbè é kún fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, Club 47 sì ti wà ní Cambridge láti ọdún 1958 fún àwọn tí ó fẹ́ràn orin fóòkì. Irú ìtọrọ kan náà tún wá láti ẹ̀bá òkun Florida, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ lo ìsinmi. Ohun kan wà níbí tí àwọn òǹkọ̀wé máa ń fò kọjá: orin tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń tọrọ kò ní ìlù, kò sì ní gìtá oníná. Kò tíì sí ẹ̀dà mìíràn ní ayé.

Ẹni tí ó ṣe ẹ̀dà mìíràn náà ni Tom Wilson, olùdarí ìgbohùnsílẹ̀ ní Columbia. Ọmọ Texas ni, aláwọ̀ dúdú tí ó kàwé ní Harvard, tí ó sì ti dá ilé iṣẹ́ àwo Transition sílẹ̀ ní Cambridge, níbi tí ó ti gbé orin Sun Ra àti Cecil Taylor jáde. Òun náà ni ó darí Like a Rolling Stone ti Dylan. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, ọdún 1965, ó mú téèpù àtijọ́ náà, ó ní kí àwọn atagìtá àti onílù kan fi tiwọn lé e. Nítorí pé ìrìn orin náà kò dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn tí ó ń fi ohun èlò kún un ni ó ní láti máa tẹ̀lé àwọn olóhùn. Wilson kò bi àwọn olórin méjèèjì léèrè. Oṣù yẹn gan-an ni orin Mr. Tambourine Man ti The Byrds gun orí àtẹ, nítorí náà ó mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Àwo kékeré náà jáde ní oṣù Kẹsàn-án. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní, ọdún 1966, ó wà ní ipò kìíní lórí àtẹ Billboard. Yúróòpù ni Simon wà nígbà tí orin náà ń gòkè.

Nígbà náà ni Columbia sáré wá àwo ńlá tí yóò gbé orin náà lọ́wọ́. Bob Johnston ni ó darí rẹ̀. Oṣù Kejìlá, ọdún 1965 ni wọ́n ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, àwo sì jáde ní oṣù Kìíní. Ìkánjú hàn nínú rẹ̀. Nínú orin mọ́kànlá, mẹ́fà ni Simon ti kọ sínú àwo Lọ́ńdọ̀nù rẹ̀. Òmíràn, Somewhere They Can't Find Me, jẹ́ àtúnṣe orin tí àwo kìíní ti gba orúkọ. Àwo yìí kì í ṣe ohun tí olórin kọ́kọ́ rò kí olùgbọ́ tó dáhùn. Olùgbọ́ ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àwo ni ìdáhùn. Ìdáhùn náà kò sì lọ sí apá kan. I Am a Rock ní ìlù àti iná tirẹ̀, ó sì dé ipò 3 ní ọdún 1966, ṣùgbọ́n Kathy's Song àti April Come She Will kò ju ohùn ẹnì kan àti gìtá lọ. Ẹni tí ó rà á nítorí ìlù, ó di dandan kí ó gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ pẹ̀lú. Ipò 21 ni àwo náà dé ní Amẹ́ríkà.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù ni ohun tí àwọn olùgbọ́ wá ṣe sí àwo kìíní. Wednesday Morning, 3 A.M., tí ó ti kú láti ọdún 1964, jí dìde ní ọdún 1966, ó sì dé ipò 30. Ẹnìkan lè sọ pé orúkọ ni wọ́n rà, pé ìlù ni ọ̀pọ̀ rò pé àwọn yóò bá níbẹ̀. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú èyí, nítorí àtẹ Billboard ń ka owó, kì í ka ìdí. Síbẹ̀, bí inú irú olùgbọ́ bẹ́ẹ̀ bá ti bàjẹ́, yóò ṣòro láti ṣàlàyé bí àwo kẹta, Parsley, Sage, Rosemary and Thyme, tí orin ìbílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ṣí, ṣe dé ipò 4.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìhà mìíràn hàn. Níbẹ̀ ni àwọn olùṣọ́ orin ìbílẹ̀ ti le jù: ní Singers' Club ti Ewan MacColl ní Lọ́ńdọ̀nù, orin ilẹ̀ baba olórin ni òfin gbà láàyè, MacColl fúnra rẹ̀ sì kọ̀wé gbógun ti Dylan nínú ìwé ìròyìn Sing Out! ní ọdún 1965. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, ènìyàn yóò retí kí ìjà ṣẹlẹ̀ lórí àtúnṣe Wilson. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwo kékeré Simon àti Garfunkel kò tilẹ̀ dé orí àtẹ níbẹ̀. The Bachelors, àwọn olórin láti Dublin tí ohùn wọn tura, ni ó gbé orin náà dé ipò 3 ní ọdún 1966. Àwọn olùgbọ́ yìí kò gbèjà fóòkì, wọn kò sì gbèjà rọ́ọ̀kì. Orin adùn-ún-gbọ́ ni wọ́n fi í ṣe. Síbẹ̀ àwo ńlá Sounds of Silence dé ipò 13 lọ́wọ́ àwọn ará ilẹ̀ kan náà.

Ní oṣù Kejìlá, ọdún 1967, fíìmù The Graduate tí Mike Nichols darí tún gbé orin náà padà síwájú àwọn ènìyàn. Ilé iṣẹ́ Columbia kó orin inú fíìmù náà jọ sínú àwo kan. Ẹ̀dà Wilson, tòun ti ìlù àti iná, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀dà ọdún 1964, ohùn méjì àti gìtá, ni wọ́n fi parí rẹ̀. Àwo yìí ni ó dé ipò kìíní ní ọdún 1968.