Tíì ní Libreville

Tíì tí wọ́n ń mu ní Libreville, olú-ìlú Gabon, ilẹ̀ mìíràn ló ti ń wá. Igi rẹ̀, Camellia sinensis, fẹ́ràn òjò, òjò kò sì wọ́n ní Libreville: ó ń ju 2,500 mìlímítà lọ lọ́dún. Òtútù ni kò sí. Etí òkun ni ìlú náà wà, ooru rẹ̀ kì í sì í sinmi. Lórí òkè tó tutù, ewé kì í yára dàgbà, adùn àti òórùn rẹ̀ á sì jinlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Cameroon, tó bá Gabon pààlà, fi ní oko tíì ní Ndu, níbi tó ga tó nǹkan bíi 2,000 mítà, tí Nàìjíríà náà sì ní tirẹ̀ ní Mambilla, ìpínlẹ̀ Taraba. CRIN, ilé ìwádìí kòkó tó wà ní Ìbàdàn, ló ń ṣèwádìí lórí tíì Nàìjíríà, bó ti ń ṣe lórí obì. Tíì àti obì kì í ṣe ìbátan, ṣùgbọ́n káféènì wà nínú méjèèjì.

Ọ̀mùnú pẹ̀lú ewé méjì tó tẹ̀lé e ni wọ́n ń ká. Ibẹ̀ ni káféènì pọ̀ sí jù, nítorí òun ni igi fi ń lé kòkòrò kúrò lára ewé tí kò tíì gbó.

Igi kan náà ló ń so tíì dúdú àti aláwọ̀ ewé. Bí wọ́n bá rún ewé tí atẹ́gùn kàn án, á dúdú bí iṣu tí a bẹ sílẹ̀. Irú énsáìmù kan náà ló ń mú ewé tíì àti iṣu dúdú. Bí wọ́n bá tètè fi ooru pa énsáìmù ọ̀hún, àwọ̀ ewé kò ní yí padà.

Ó wá ku omi. Theanine, tó ń fún tíì ní adùn pẹ̀lẹ́, ń jáde nínú omi tí kò gbóná jù; catechin, tó korò tó sì ń fún ẹnu pọ̀, ń dúró de ooru. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń dábàá omi 70 sí 80 dígírì fún aláwọ̀ ewé, àti omi híhó fún dúdú, fún ìṣẹ́jú 3 sí 5.

Àwọn ará Mali àti Senegal tó ń gbé Libreville kò ka òfin yìí sí. Tíì aláwọ̀ ewé láti Ṣáínà ni wọ́n fi ń se àtáyà lórí èédú, pẹ̀lú ṣúgà àti ewé míńtì, wọ́n á sì máa dà á láti ife dé ife títí yóò fi yọ ìfófòó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń se ewé kan náà. Ti àkọ́kọ́ ló korò jù, torí ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ catechin àti káféènì ń jáde. Ẹ̀kẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi ṣúgà. Atọ́tíìwò lè bojú jẹ́, ṣùgbọ́n ìkorò yẹn gan-an ni wọ́n ń wá: láìsí i, irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ á sú ni.

Tíì inú àpò jẹ́ ewé tó ti rún wómúwómú. Kì í pẹ́ kó tó ki, òórùn rẹ̀ sì tètè ń lọ. Ọ̀rinrin Libreville ń ba ewé gbígbẹ jẹ́, ewé náà sì ń fa òórùn ohun tó bá wà nítòsí mọ́ra. Agolo tó dé pinpin ló yẹ ẹ́, kó sì jìnnà sí ẹja gbígbẹ.