Láti Sábó dé Sábó

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan báyìí, ọmọ àbúrò mi obìnrin wọlé tọ̀ mí wá. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó ní, "Bàbá, wọ́n ti gbà mí sí LAUTECH o! Ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n fún mi." Inú mi dùn. Mo ti ń múra àtisọ fún un bí Ògbómọ̀ṣọ́ ti rí, nígbà tó gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu: "Ṣùgbọ́n Bàbá, wọ́n ní kámpọ́ọ̀sì àwọn oníṣẹ́ àgbẹ̀ ti wà ní Ìsẹ́yìn báyìí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n pààrọ̀ ohun tí mo fẹ́ kọ́, kí n lè dúró l'Ógbómọ̀ṣọ́. Èwo ni kí n yàn?"

Mi ò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo ní kó jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ náà sùn. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ohun tó ń sọ sí mi lọ́kàn lóru ọjọ́ náà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ìtàn ni, ó sì kan púpọ̀ nínú yín, nítorí agboolé mélòó ló kù tí kò tí ì rán ọmọ lọ kàwé ní ìlú onílùú?

Ọmọ Sábó l'Ọ̀yọ́ ni mí. Kì í ṣe pé Hausa ni wá o. Yorùbá pọ́ńbélé ni bàbá mi. Iṣẹ́ mẹ́káníìkì ló gbé e dé ibẹ̀. "Sabon Gari" ni àwọn Hausa ń pe àdúgbò tí àlejò bá tẹ̀dó sí, ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ìlú tuntun". Àwa Yorùbá gé e kúrú, a sọ ọ́ di Sábó. N'Íbàdàn, ọdún 1916 ni wọ́n ya Sábó sọ́tọ̀ fún àwọn oníṣòwò Hausa tó ń wá ra obì, tí wọ́n sì ń da màálù wá sí ilẹ̀ wa. Sábó wà ní Ṣàgámù, ó wà l'Ọ̀yọ́, ó wà l'Ógbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú. Àlejò láti òkè ọya ló ni ín níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ẹni tí kò bá ní agboolé nínú ìlú náà ń forí lé ibẹ̀. Bí bàbá tèmi ti ṣe nìyẹn.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé bí ọmọ bá ti wọ ilé-ìwé gíga, ilé-ìwé náà ni yóò fún un ní ibùsùn. Ẹ má dá mi lẹ́bi, ohun tí à ń rí nìyẹn. L'Ọ̀yọ́ wa níbẹ̀, láti 1896 ni St. Andrew's College ti ń kọ́ àwọn tíṣà. Inú ọgbà ni wọ́n ń sùn, agogo ló sì ń jí wọn. Nígbà tí wọ́n dá University College sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1948, Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n kọ́kọ́ wà, nínú àwọn ilé tí àwọn ológun fi ṣe ọsibítù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ibẹ̀ kò dára tó, síbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí ibi tí wọ́n wà dòní, wọ́n kọ́ họ́ọ̀lù fún wọn: Mellanby, Tedder, Kuti. Yunifásítì Ifẹ̀ náà, Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Ọdún 1967 ló tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Bí yunifásítì ayé ìgbà náà bá ń ṣí kiri, ó ń gbé ẹní rẹ̀ dání.

Nígbà tó wá kan àwọn ìpínlẹ̀ láti dá tiwọn sílẹ̀, owó kò tó mọ́, ìlú tó ń fẹ́ yunifásítì sì pọ̀. Ẹ wo ti Ìpínlẹ̀ Ògùn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982. Àgọ́-Ìwòyè ni olú rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n Ṣàgámù ni àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ń lọ, àwọn oníṣẹ́ àgbẹ̀ sì wà l'Áyétòrò. Ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2006, ìlú mẹ́fà ni wọ́n pín in sí: Òṣogbo, Òkukù, Ìkirè, Èjìgbò, Ìfẹ́tẹ̀dó àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Bí ìgbà tí à ń pín ẹran iléyá ni. Mi ò bú wọn o. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wà, oníbúrẹ́dì á jẹun, ọlọ́kadà á jẹun, ẹni tó kọ́ ilé á rí owó gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn àgbà ń pín ẹran náà, ta ló bi ọmọ tó fẹ́ lọ kàwé pé ìlú wo ló wù ú láti gbé?

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí ti LAUTECH tí mo mọ̀. Ní 1990 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ dá a sílẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́, nígbà tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Oresanya jẹ́ gómìnà ológun. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúṣẹ́gun Òkè ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ 436 péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, ní oṣù kẹjọ 1991. Ìpínlẹ̀ méjèèjì wá di olówó orí kan náà. Wọ́n fi orúkọ Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá sọ ọ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kí wọ́n tó pa á ní oṣù kìn-ín-ní 1966. Kọ́lẹ́jì àwọn oníṣègùn sì bọ́ sí Òṣogbo. Láti ìgbà náà, bí ẹnìkan bá ní òun wà ní LAUTECH, ẹ ní láti bi í pé, "Èwo? Ògbómọ̀ṣọ́ ni àbí Òṣogbo?"

Mo wọlé ní 1992. Mo gbé àpótí kan, sítóòfù kan àti gààrí tí ìyá mi dì fún mi. Mo béèrè ibi tí họ́stẹ́ẹ̀lì wà. Ẹni tí mo bi rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí ìgboro, ó ní, "Gbogbo èyí tó o ń wò yìí ni." Òótọ́ ló sọ. Ìgboro ni ọ̀pọ̀ jùlọ wa ń gbé. Ìyẹn ni pé bí ìjọba bá yan kámpọ́ọ̀sì fún ọ, ìwọ fúnra rẹ ni yóò yan àdúgbò. Àwọn tó lówó lọ́wọ́ ń wá yàrá sí ẹ̀gbẹ́ géètì, níbi tí àdúgbò bí Adénìkẹ́ àti Under G wá gbèrú lẹ́yìn náà. Àwọn tí kò lówó wọ àárín ìlú lọ.

Èmi kọ́kọ́ gba yàrá lọ́wọ́ baálé ilé kan nítòsí géètì. Mo san owó ọdún kan. Nígbà tí mo fi máa lọ kó ẹrù mi wá láti Ọ̀yọ́, ó ti gba owó yàrá kan náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹni yẹn sì ti tẹ́ ẹní síbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún, ẹ̀gbọ́n kan tilẹ̀ bá mi lọ bẹ̀ ẹ́. Ìdajì owó ni mo rí gbà padà, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi há sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ kan, àwa mẹ́rin lórí ẹní kan.

Báyìí ni mo ṣe dé Sábó Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n júwe ilé ìyá arúgbó kan fún mi, ilé yàrá mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ là á láàárín. Ìyá náà ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, mà."

"Ibo l'Ọ̀yọ́?"

"Sábó ni, mà."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "O kúrò ní Sábó, o tún fẹ́ wọ Sábó! Ṣé kò sú ọ ni? Dìde, ọmọ mi. Wá wo yàrá."

Ọdún márùn-ún ni mo lò nílé ìyá yìí. Ó jìnnà sí kíláàsì, owó ọkọ̀ sì ń dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò kúrò. Ìdí rẹ̀ ni pé ìyá yìí ní òfin kan: kì í lé ẹnikẹ́ni lójijì. Bí o bá jẹ ẹ́ lówó, yóò bá ọ jà lẹ́nu, yóò pariwo tí ará àdúgbò yóò fi gbọ́, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà gbáko ni yóò fún ọ kó tó ní kó o kó ẹrù rẹ. Bí ìdánwò bá sì ti bẹ̀rẹ̀, kò ní dárúkọ owó títí wàá fi ṣe é tán.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná ò sí, mo bi í pé kí ló fà á. Ó sọ fún mi pé Tamale ni òun ti lo ìgbà èwe òun, ní àríwá Gánà. Ògbómọ̀ṣọ́ kún fún irú wọn: ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú náà ló ti lọ ṣòwò ní Gánà, ní Jọ́ọ̀sì àti káàkiri òkè ọya, tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ kọ́lé sílé. Aṣọ ni ọkọ rẹ̀ ń tà, owó aṣọ náà ló sì fi kọ́ ilé tí a wà yìí, nígbà tí kò rò pé òun máa tètè wá gbé inú rẹ̀. Ní 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún wọn. "Ọjọ́ mẹ́rìnlá, ọmọ mi," ni ìyá wí. "Àwọn tó jẹ wá lówó kò san án. Ibi tí mo ti bímọ mẹ́rin, mo kúrò níbẹ̀ bí olè. N kì í fi irú rẹ̀ ṣe ọmọ ẹlòmíràn."

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ìjọba dá yunifásítì sílẹ̀ láì kọ́ ilé tó pọ̀ tó. Owó àjò Gánà àti ti òkè ọya ló ti kọ́ púpọ̀ nínú ilé tó gbà wá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí mo jáde tún mú ọ̀rọ̀ ìyá náà wá sí mi lọ́kàn. Àwọn ìpínlẹ̀ méjèèjì ń fa yunifásítì náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ fún ọdún púpọ̀. Láàárín 2016 sí 2017, ilé-ẹ̀kọ́ wà ní títì fún ọ̀pọ̀ oṣù nítorí owó tí wọn ò san pé. Mo gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá nígbà náà: àgádágodo lára ilẹ̀kùn, olóúnjẹ tó ti kó ìkòkò rẹ̀ nílẹ̀, ọlọ́kadà tó ń sùn lórí ọ̀kadà rẹ̀. Bí erin méjì bá ń jà, ṣebí koríko ló ń fara gbá a. Ní oṣù kọkànlá 2020, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì fọwọ́ sí i pé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan ló ni LAUTECH. Ọsibítù Òṣogbo di ti yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àwọn oníṣègùn LAUTECH sì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti mọ ọjà Òṣogbo, tó ti rí onílé gidi níbẹ̀, ó di dandan kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá yàrá kiri. Nígbà tó di 2022, ìjọba Gómìnà Ṣèyí Mákindé tún gbé kámpọ́ọ̀sì iṣẹ́ àgbẹ̀ kalẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ìlú aṣọ òfì, níbi tí ilẹ̀ oko pọ̀ sí.

Ẹ rí i báyìí pé kò sí kámpọ́ọ̀sì tí ọmọ lè yàn tí ọwọ́ ìjọba kò ní lè dé. Nítorí náà, nígbà tí mo pe ọmọ àbúrò mi lọ́jọ́ kejì, mo ní, "Má pààrọ̀ ẹ̀kọ́ rẹ nítorí ibùsùn. Ẹ̀kọ́ lo máa gbé délé. Bó o bá fi iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ lónìí nítorí Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n bá tún kó èyí tó o lọ bá kúrò níbẹ̀ lọ́la ńkọ́?"

Ó ní, "Mi ò mọ ẹnikẹ́ni ní Ìsẹ́yìn, Bàbá."

Mo ní èmi náà ò mọ ẹnikẹ́ni l'Ógbómọ̀ṣọ́. Mo ní kí a jọ lọ lọ́jọ́ Sátidé, kó má sì san kọ́bọ̀ fún onílé kankan kí ó tó béèrè nǹkan mẹ́ta. Ìkíní, níbo ni omi wà? Ìkejì, èló ni ọkọ̀ láti ibẹ̀ dé kíláàsì? Ìkẹta ló ṣe pàtàkì jù, ọwọ́ àwọn aládùúgbò ni kó ti béèrè rẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ onílé: ẹni tó gbé yàrá yìí ṣáájú mi, báwo ló ṣe jáde níbẹ̀?

Ó kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú fóònù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó ní, "Bàbá, ṣé Sábó wà ní Ìsẹ́yìn?"

Mo ní ìyẹn la máa kọ́kọ́ béèrè bí a bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.