Iwájú àti Ìṣáájú: Ipò Ọ̀tà nínú Ìtàn Rọ́bọ́ọ̀tì Kan

Láti ara gbòǹgbò ọ̀rọ̀ kan náà ni èdè Yorùbá ti ń pe àkókò tí ń bọ̀ ní iwájú, tí ó sì ti ń pe ohun tí ó ti kọjá kí òmíràn tó dé ní ìṣáájú. Ìdí nìyí tí "ìtàn ìṣáájú" fi bá irú eré kan mu gan-an, èyíinì ni eré tí ó jáde lẹ́yìn tí òmíràn ti gbajúmọ̀, ṣùgbọ́n tí ó padà lọ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí ti àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yìn kámẹ́rà ni irú eré bẹ́ẹ̀ ti ń le. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe Star Trek: Enterprise láti 2001 sí 2005, ọkọ̀ òfuurufú inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dàgbà ju ti eré Star Trek ti 1966 lọ ní ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, bẹ́ẹ̀ bọ́tìnì aláwọ̀ mèremère ti 1966 ti di ohun àtijọ́ lójú ẹni tí ó ní fóònù lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun abẹ́ omi ni àwọn oníṣẹ́ ọnà lọ wò kọ́ṣe: wọ́n mú kí àyè há, wọ́n sì jẹ́ kí irin rẹ̀ hàn síta, kí òǹwòran lè rí ọwọ́ ẹni tí ó rọ ọ́.

Ọwọ́ yìí ni ó yẹ kí a wá nínú Iwájú, eré kàtúùnù alápá mẹ́fà nípa Èkó ọjọ́ iwájú, tí Disney gbé jáde ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2024. Kugali ni ó bá Disney ṣe é, ilé iṣẹ́ tí Tolu Olowofoyeku àti Olufikayo Adeola, àwọn ọmọ Nàìjíríà, dá sílẹ̀ pẹ̀lú Hamid Ibrahim, ọmọ Uganda. Ní 2019, wọ́n ṣèlérí fún BBC pé àwọn yóò na Disney ní Áfíríkà, Disney sì pè wọ́n síṣẹ́. (Kì í ṣe gbogbo ìhàlẹ̀ ni ó ń bí ìjà.) Nínú eré náà, Tọ́lá, ọmọ olówó, ń gbé ní Erékùṣù (Island); Kọ́lé, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wá láti orí ilẹ̀ tí ará Èkó ń pè ní Mainland; Otin, rọ́bọ́ọ̀tì tí a dá bí alángbá, ni ó ń ṣọ́ Tọ́lá.

Bàbá Tọ́lá ni ó ronú kan ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n èrò kì í di ọjà láìgba ilé iṣẹ́ kọjá. Ọ̀tà, ìlú Àwórì tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, kò sí nínú ìpín méjì tí eré náà pín Èkó sí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ́ irin, tí wọ́n ń rọ ike, tí wọ́n sì ń di oúnjẹ sínú páálí fún ọjà Èkó. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì náà gan-an, ọjọ́ kejì tí Iwájú jáde, ni wọ́n ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin Red Line ti Èkó láti Agbádó, tí kò jìnnà sí Sàngó ní Ọ̀tà, dé Oyíngbò, kìlómítà 27. Fíìmù tí ó sọ bí wọ́n ṣe ṣe eré náà ń jẹ́ Iwájú: A Day Ahead, àkọlé tí ó túmọ̀ sí pé ó fi ọjọ́ kan ṣíwájú, ó sì fi ọjọ́ kan ṣíwájú ọkọ̀ náà lóòótọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá máa ṣe ìtàn ìṣáájú fún Otin, abẹ́ afárá Sàngó ni ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀, ní ìdájí, nígbà tí àwọn tí ó ṣe ṣíìfù òru ń wá ọkọ̀ lọ sílé, tí èédú àti òróró ẹ̀rọ ṣì wà lọ́wọ́ wọn.